Oúnjẹ Aṣaralóore Lórí Fóònù Àwọn Ọ̀dọ́ Ìkòròdú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní aṣaralóore lórí ayélujára, kí ó gba fóònù ọ̀dọ́ kan ní Ìkòròdú, kí ó wò ó. Yóò rí àwo pẹrẹsẹ kan tí wọ́n to ewé tútù sí, tí wọ́n gé píà lé lórí, tí wọ́n sì wọ́n irúgbìn kan sí i tí ẹnikẹ́ni kò tà rí ní ọjà Sábó. Yóò rí ife gíláàsì tí ohun mímu aláwọ̀ ewé kún inú rẹ̀, àti ọmọge tó gbé e dání nínú ilé ìdáná tó funfun báláú, níbi tí kò sí èéfín, tí kò sì sí ìkòkò kan tó dúdú nídìí. Ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò náà lè máa gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹni méjì, kí gáàsì wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Yóò tẹ àmì ìfẹ́ sí fídíò náà, yóò dìde, yóò lọ ra indomí. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí kò sí ohun kan tó kàn án nínú gbogbo ohun tí ó wò.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn tí mo sì kọ́ nígbà náà ti di géńdé àti ọlọ́mọge. Àwọn kan wà ní LASUSTECH, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí LASPOTECH kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó sọ ọ́ di yunifásítì ní ọdún 2022. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Odógunyàn. Àwọn kan sì ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí Ìgbógbó. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í tijú láti béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀: "Ẹ káàsán, mà. Ó ń rẹ̀ mí ṣáá ni, kí ni kí n máa jẹ?" Ibi tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo ti di ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ sórí status WhatsApp.

Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń polongo oúnjẹ aṣaralóore lórí ayélujára máa ń rò pé àìmọ̀ ló ń dààmú àwọn ọ̀dọ́. Kì í ṣe àìmọ̀. Kò sí ọ̀dọ́ kan nílùú yìí tí kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ dára lára. Owó, àkókò, gáàsì àti iná mànàmáná ló ń bá wọn jà, ọ̀rọ̀ tí kò bá sì kan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, bó ti wù kó jinlẹ̀ tó, àtàǹpàkò ni wọn yóò fi tì í kọjá.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kò lè yí ohun tí ènìyàn ń fi sẹ́nu padà. Ẹni tó bá wà ní Èkó ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àrùn Ebola ti wọ ìlú láti oṣù keje, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ènìyàn. Ní òru ọjọ́ kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí fóònù kan sí òmíràn pé kí oníkálukú fi omi gbígbóná tí a bu iyọ̀ sí wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn òbí ń jí ọmọ lójú oorun. Àwọn ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò wọn tó wà nílùú mìíràn. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ṣekú pani: Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú oṣù náà pé ìròyìn ti dé pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Nígbà tí àjọ náà kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá ẹni tó bá aláìsàn pàdé láti ojúlé dé ojúlé ló so èso, kì í ṣe iyọ̀ ẹnikẹ́ni.

Mo máa ń ronú lórí irọ́ yẹn gan-an, nítorí pé ó mọ ọ̀nà tí òtítọ́ wa kò mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn yín ló fi ránṣẹ́ sí yín, kì í ṣe àjèjì. Ohun tó dárúkọ ti wà nílé ìdáná yín tẹ́lẹ̀. Ó sọ ohun tí ẹ ó ṣe àti ìgbà tí ẹ ó ṣe é, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìkìlọ̀ tí àwa olùkọ́ ìlera máa ń tẹ̀ jáde, tó kún fún orúkọ èròjà, tí kò sọ ohun tí ènìyàn yóò sè lálẹ́ òní. (WhatsApp fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti dín irú ìtànkálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kù: láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ kiri lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan péré lẹ lè tún fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa mọ bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yí ìdílé po.)

Ìlú wa kò sì ṣàìní ẹni tó mọ ọgbọ́n orí ayélujára. Ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ikorodu Bois ṣe fídíò tí ayé wò. Wọ́n fi bárò àti àwọn ohun èlò inú ilé sín àwọn sinimá olówó gọbọi ti Amẹ́ríkà jẹ, débi tí àwọn tó ṣe sinimá náà fúnra wọn fi kàn sí wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò fi ojú ilé tí wọ́n ń gbé pamọ́. Ògiri tí a kò kùn, àgbàlá oníyanrìn, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, ohun náà gan-an ló sì mú kí ènìyàn dúró wò wọ́n. N kò mọ ìdí tí oúnjẹ wa fi gbọ́dọ̀ yá ilé ìdáná elòmíràn kí ó tó lè hàn nínú fídíò.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní Ìkòròdú pọ̀. Ọ̀sà kò jìnnà, ẹja àrọ̀ sì wà ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń sìn ín. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewédú kì í wọ́n títí òjò fi ń lọ. Àgbálùmọ̀ ń bọ̀ bí ọdún bá ti ń parí, mángòrò á sì tẹ̀ lé e. Ìkọ́kọrẹ́ wà, ẹ̀bìrìpò wà, ọmọ Ìkòròdú tí kò bá sì fi ìkọ́kọrẹ́ yangàn, ẹ bi í léèrè ibi tó ti wá. Àmọ́ ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ará ilé mi jiyàn. WHO sọ pé kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gírámù 400 lójúmọ́, ó sì sọ ọ́ kedere pé iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀dùnkún àti àwọn ẹbí wọn kò sí nínú ìṣirò náà. Ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ kò lè wọlé síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìkọ́kọrẹ́ sójú òpó TikTok gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ aṣaralóore, kí ó fi ẹja sí i dáadáa, kí ó dín epo kù, kí ó sì bu ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, torí pé ìyá wọn kò fi ẹ̀fọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ rí.

Fídíò tó yé mi jùlọ nínú gbogbo ohun tí a ti ṣe, ẹ̀wà ló dá lé lórí. Ọmọ tí mo kọ́ tẹ́lẹ̀ kan, tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan, sọ fún mi pé òun kì í se ẹ̀wà nítorí pé ó ń jẹ gáàsì. Mo ní kí ó rẹ ẹ́ sómi nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó dé láàárọ̀, a gbé fóònù lé orí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, a sì yà á bó ṣe ń lọ. Kò fẹ́ kí ojú òun hàn, nítorí oorun wà lójú rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a yà: ọwọ́ tó ń da omi àkọ́kọ́ nù, tó ń fi omi mìíràn ṣan ẹ̀wà tó ti wú, tó ń gbé e kaná láìfi káún sí i. Ẹ̀wà tó ti mu omi sùn kì í pẹ́ jinná bíi ti gbígbẹ, omi tí a sì dà nù a máa dín kíkún inú kù. Ó gé àlùbọ́sà sí i, ó da ata gígún àti edé sí i, ó fi epo díẹ̀ sí i, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó da gbúre tó ti gé sí i, ó rò ó pọ̀, ó pa iná. Ó ń dárúkọ iye tó ra ohun kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ ọ́ sínú ìkòkò. Ọsàn kan ló fi parí oúnjẹ náà, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú gbólóhùn kan péré: èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ń wọ ara dáadáa bí a bá fi ohun tó ní fítámì C jẹ ẹ́, àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù sì nílò rẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó bá fi tíì tẹ̀ lé e dípò ọsàn ń dí èròjà náà lọ́nà.

Kì í ṣe ìyìn ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi dáhùn. Ìbéèrè ni. "Mà, a ò níná, fíríìjì wa ò ṣiṣẹ́, báwo la ṣe máa tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí oúnjẹ tó bá wà nílẹ̀ nínú ooru ju wákàtí méjì lọ ti ń di ewu, gbígbóná rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kò sì lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ti dá a lóhùn pé òun àti àwọn aládùúgbò òun méjì ń dá oúnjẹ bí ẹni ń dá àjọ: ẹni tó bá kàn lónìí ni yóò sè fún gbogbo wọn, wọ́n á sì jẹ ìkòkò náà tán lọ́jọ́ náà. Gáàsì ẹnì kan ló ń jó, ẹ̀wà kankan kì í sì í bàjẹ́. Mi ò kọ́ ọ rí ní kíláàsì, kò sì sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ohun tó dára jù tí fóònù lè ṣe nínú ọ̀ràn yìí ni kí ó jẹ́ kí ọ̀dọ́ gbọ́ ọgbọ́n lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀, kí tíṣà kàn máa ṣọ́ ibi tí àṣìsọ bá ti fẹ́ wọlé.

Ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò yàtọ̀, torí ojú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike pé gírámù ṣúgà 10 ló wà nínú mílílítà 100, gírámù 50 ló wà nínú ike 50cl, ìyẹn sì sún mọ́ ṣíbí tíì 12 tàbí 13. WHO fẹ́ kí ṣúgà tí a ń bù sí nǹkan má kọjá ìdá mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gírámù 50 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, wọ́n sì ní ó sàn jù bí a bá lè dín in kù sí ìdajì. Ike kan ti gbé gbogbo ti òòjọ́ lọ. Bí mo bá kọ ìṣirò yìí sílẹ̀, wọn kò ní kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ya fídíò ọwọ́ tó ń bu ṣúgà sínú ike òfìfo ní ṣíbí ṣíbí, láìsọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ síra wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àmọ́ náírà 5 péré ni ìyẹn jẹ́ lórí ike 50cl. Lójú tèmi, owó tí ẹni tó ń san án kò lè rí, kò lè yí ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ó wá ku àwọn tó ń ta tíì tó ń fa ikùn wọlé. Àwọn wọ̀nyí mọ ayélujára lò jù wá lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ nínú irú tíì bẹ́ẹ̀ ló ní ewé tó ń múni yàgbẹ́ nínú; omi ara ló ń bá a lọ, ọ̀rá kò kúrò níbi tó wà. Instagram ti sọ láti ọdún 2019 pé àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní máa rí irú ìpolówó kan bẹ́ẹ̀, TikTok náà sì fi òfin de àwọn ìpolówó oògùn ìfọnra ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ status ẹnì kọ̀ọ̀kan? Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà NAFDAC, kí wọ́n sì ka orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Èmi kì í fi àwòrán ara ẹnikẹ́ni síta, kì í ṣe ti ìgbà tó sanra, kì í ṣe ti ìgbà tó fọn. Orúkọ bíi orobó àti lẹ́pa kò gbọdọ̀ wọ ojú òpó mi. Ẹni tí a bá ti fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò máa sá pamọ́ jẹun ni, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wò mí, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ. Ìwà ìkà ni kí ènìyàn máa wàásù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó dín oúnjẹ kù.

Ìdí nìyí tí mi ò fi bá indomí jà. Mo kàn ní kí wọ́n lo ìdajì èròjà tó wà nínú ọ̀rá kékeré rẹ̀, nítorí iyọ̀ ibẹ̀ pọ̀, iyọ̀ tí WHO sì gbà wá láyè láti jẹ lójúmọ́ kò tó gírámù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Kí wọ́n fọ́ ẹyin kan sí i, kí wọ́n sì já ewé gbúre díẹ̀ sí i. Ó tán.

Àwọn kan béèrè ojú òpó tó dára jù lọ́wọ́ mi. Fún ẹ̀kọ́ oúnjẹ láàárín àwọn tó mọra wọn, status WhatsApp ni mo fi ọkàn tán. Ó ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, èyí sì bá ọjà mu, nítorí iye tí mo sọ pé wọ́n ń ta tòmátì lónìí lè di irọ́ lọ́la. Mo máa ń gbé e síta ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó tó di pé ebi bá wọn pinnu. TikTok a máa gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a kò mọ̀, àmọ́ ìwòran ló pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Hilda Baci fi wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 dáná ní Lẹ́kí, tí Guinness World Records, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ jù láyé, sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ tí kò wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé ta ni yóò se oúnjẹ alẹ́ nígbà tí gbogbo wọn ń wo ẹni tó ń sè. Nítorí náà mi ò ka àmì ìfẹ́ sí nǹkan kan. Àwòrán ìkòkò tí ẹni náà fúnra rẹ̀ sè ni mo máa ń béèrè, àwọn ọkùnrin ló sì máa ń yára fi tiwọn ránṣẹ́ jù, bóyá nítorí pé wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn náà mọ̀ ọ́n sè.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Odógunyàn kì í dáná rárá. Búkà ni wọ́n ti ń jẹ, ẹni tó ń dáná níbẹ̀ sì lágbára lórí ara wọn ju èmi àti gbogbo dókítà orí ayélujára lọ. Mo lọ bá ìyá olóúnjẹ kan níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa ya àwòrán ìkòkò ọ̀sán, kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sì máa ṣíwájú ìrẹsì nínú àwòrán náà. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò níṣẹ́. "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ṣé àwòrán ni wọ́n máa jẹ ni?" Ṣùgbọ́n ó gbà, ó sì fi kún un láti orí ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ra ẹ̀wà yóò gba ọsàn bíbó kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò tí ọsàn bá pọ̀. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ béèrè bí ẹran ṣe tóbi tó, bóyá pọ̀nmọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ẹ̀fọ́ ti jinná. Ní báyìí, ohun tó ń jà lọ́kàn ìyá náà ni owó dátà, ó sì ní kí n sọ ẹni tí yóò máa san án. Mo ní a ó jọ san án títí oṣù yìí yóò fi parí, lẹ́yìn náà kí a wò ó bóyá ẹ̀fọ́ tó ń tà lè máa ra dátà ara rẹ̀.